Kí Lẹ Ń Gbọ́ Lọ́wọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Olólùfẹ́ Orin Kílásíkà

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ó máa ń jáde léraléra nígbà tí àwọn olólùfẹ́ orin kílásíkà bá ń sọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ fún ara wọn. A to àwọn tí ó rọrùn sókè, a sì fi àwọn tí ó díjú sísàlẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí ó wà nínú ìdáhùn mi bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mo ń gbọ́?

Ohun mẹ́rin ni: orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin náà, orúkọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú nọ́ḿbà rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó ṣe é, àti ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé "Beethoven, símfónì karùn-ún ní C minor, Op. 67, Vienna Philharmonic, Carlos Kleiber ni olùdarí, 1974", ẹni tí ó kà á ti mọ ohun tí ó ń sọ gan-an, ó sì lè wá a rí láìtún béèrè nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi gbólóhùn kan tàbí méjì kún un nípa ohun tí etí yín gbọ́. Àwọn mìíràn máa ń fo apá yìí, wọn a kàn to orúkọ kalẹ̀ bí akọ̀wé tí ó ń ka ẹrù inú ilé ìkẹ́rùsí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ bí abala kẹta símfónì yìí ṣe ń rọlẹ̀ títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbọ́ mọ́, kí ó tó bú jáde sínú abala kẹrin láìdúró rárá, ni yóò mú kí ẹlòmíràn lọ wá àwo náà gbọ́.

Kí ló dé tí orúkọ iṣẹ́ nìkan kò fi tó?

Ohun tí ó wà nínú ìwé orin kò tíì di orin títí ẹnìkan yóò fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn méjì kì í ṣe é bákan náà. Kódà ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe é lọ́nà méjì tí kò jọ ara wọn. Ẹ wo Goldberg Variations, iṣẹ́ Bach tí ó jáde ní 1741. Glenn Gould gbà á sílẹ̀ ní 1955 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 22, ó sì tún gbà á sílẹ̀ ní 1981, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Ìwé orin kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó tẹ píánò, ìlú New York kan náà ni wọ́n ti ṣe é. Síbẹ̀ ti àkọ́kọ́ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 38, èkejì sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 51. Aria tí ó ṣí iṣẹ́ náà kò tó ìṣẹ́jú méjì ní 1955, ṣùgbọ́n ní 1981 ó ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí a sì lè máa gbọ́ bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń kú kí òmíràn tó dìde.

Kì í ṣe ìyára nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Bach fi àmì àtúnṣe sí apá kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1955, Gould kò tún èyíkéyìí ṣe; ní 1981, ó tún apá kìíní ṣe nínú díẹ̀ lára wọn. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé gbogbo àmì náà lè kọjá ìṣẹ́jú 75. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ pé Goldberg ni ẹ ń gbọ́ láìdárúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ó gbọ́ yín kò tíì mọ̀ bóyá ohun tí kò tó ìṣẹ́jú 40 ni ẹ ní lọ́kàn tàbí ohun tí ó ju wákàtí kan lọ.

Ní tèmi, ti 1981 ni mo máa ń padà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Gould fúnra rẹ̀, tí ó ń kùn bí ó ti ń tẹ píánò, kò fi wá sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ni Op., K., BWV, D. àti àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ iṣẹ́?

Op. dúró fún opus, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin tàbí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ni ó máa ń fún un ní nọ́ḿbà yìí, ó sì sábà máa ń tẹ̀lé bí àwọn iṣẹ́ ṣe jáde, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí kọnsẹ́tò píánò kejì Beethoven fi jẹ́ Op. 19, tí ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ Op. 15, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí a ń pè ní kejì ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Àwọn iṣẹ́ Beethoven tí kò ní nọ́ḿbà opus ń jẹ́ WoO. Für Elise tí gbogbo ayé mọ̀ jẹ́ WoO 59.

Àwọn lẹ́tà yòókù jẹ́ ti àwọn onímọ̀ tí ó jókòó to iṣẹ́ ẹnìkan jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. K. fún Mozart wá láti ọ̀dọ̀ Ludwig von Köchel, ẹni tí ó tẹ àtòjọ rẹ̀ jáde ní 1862, tí ó sì gbìyànjú láti tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn. BWV fún Bach jáde ní 1950 láti ọwọ́ Wolfgang Schmieder, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ ni òun fi pín in, kì í ṣe ọdún. Nítorí náà BWV 4 kò fi hàn pé Bach kọ ọ́ ní kékeré. D. ni ti Schubert, láti inú orúkọ Otto Erich Deutsch, Hob. ni ti Haydn, láti inú orúkọ Anthony van Hoboken. RV sì ni ti Vivaldi. Ẹ ṣọ́ra fún K., nítorí pé wọ́n tún ń lò ó fún sònátà 555 tí Domenico Scarlatti kọ, láti inú orúkọ Ralph Kirkpatrick.

Ẹ má ṣe fojú kéré nọ́ḿbà wọ̀nyí. Vivaldi kọ kọnsẹ́tò tí ó ju 200 lọ fún violin nìkan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti D major. Ẹni tí ó bá ní òun ń gbọ́ "kọnsẹ́tò violin Vivaldi ní D major" kò tíì sọ nǹkankan.

Mi ò lè ka ìwé orin. Ṣé mo lè sọ ohun tí ó nítumọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń wúlò jù kò mọ ìwé orin kà. Ẹ sọ ibi tí orin náà ti yá ju bí ẹ ṣe rò lọ, ohun èlò tí ó yọ jáde tí ẹ kò retí, ibi tí ohùn gbogbo ti dákẹ́ tí ẹnìkan ṣoṣo sì kù. Bí ẹ bá lè fi ìṣẹ́jú tí ó ti ṣẹlẹ̀ kún un, ẹlòmíràn á lọ síbẹ̀ gan-an láti gbọ́ ọ. Ohun tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni "ó dára gan-an" àti "ó wọ̀ mí lára" tí kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n gbọ́ iṣẹ́ náà tán kí n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ẹ dé. Símfónì kẹta Mahler lé ní wákàtí kan ààbọ̀, abala àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan sì lè ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ring tí Wagner kọ jẹ́ ópẹ́rà mẹ́rin tí àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí wákàtí 15, tí òun fúnra rẹ̀ sì pín sí alẹ́ mẹ́rin. Kò sí ẹni tí yóò bínú bí ẹ bá ní abala àkọ́kọ́ ni ẹ ṣì wà. Ní òdìkejì, Bagatelle mẹ́fà tí Webern kọ fún ohun èlò olókùn mẹ́rin, Op. 9, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lápapọ̀, nítorí náà kò sí àwíjàre fún ẹni tí kò gbọ́ ọ tán. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Orin tí ó ń dún nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ mìíràn ńkọ́?

Ó kà, bí ẹ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí n ṣì máa sọ ọ́?

Ẹ máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti gbọ́ nǹkan kan ní ìgbà mẹ́wàá máa ń ní ìtumọ̀ ju ti ẹni tí ó gbọ́ àwo mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi ọ̀nà yìí pa á dà: ẹ gbé iṣẹ́ kan náà láti ọwọ́ ẹlòmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Suite mẹ́fà tí Bach kọ fún cello, BWV 1007 sí 1012, dára fún èyí, nítorí pé ohun èlò kan ṣoṣo ni, kò sì sí ohun tí yóò bo àṣìṣe tàbí ìpinnu ẹni tí ó ń ta á mọ́lẹ̀. Pablo Casals gbà wọ́n sílẹ̀ láàárín 1936 àti 1939. Láti ìgbà náà, bóyá ni ògbóǹtarìgì kan wà lórí cello tí kò tíì fi ọwọ́ kàn wọ́n.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń gbọ́ àgbàsílẹ̀ àtijọ́ tí ariwo kún inú rẹ̀?

Nítorí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Rachmaninoff fúnra rẹ̀ ni ó tẹ píánò nínú kọnsẹ́tò rẹ̀ kejì ní 1929, pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà Philadelphia tí Leopold Stokowski ń darí. Elgar fúnra rẹ̀ ni ó darí kọnsẹ́tò violin rẹ̀ ní 1932, tí Yehudi Menuhin, ọmọ ọdún 16, sì ta violin. Bí a bá fẹ́ mọ bí ẹni tí ó kọ orin ṣe fẹ́ kí ó yá tó, kò sí ẹ̀rí tí ó ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣẹ̀dá orin kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé ohun tí àwọn fúnra wọn kọ sílẹ̀.

Ọdún 1925 ni ààlà tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ṣáájú rẹ̀, kò sí máíkìrófóònù nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn olórin a fún ara wọn pọ̀ sí iwájú ihò ìwo ńlá kan, ohun èlò tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í sì í wọlé dáadáa. Láti ọdún náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná mànàmáná, ohùn ọ̀kẹ́sítírà sì gbòòrò sí i. Síbẹ̀ ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ títí di 1948 tí àwo gígùn dé, ìyẹn ni pé wọ́n ní láti gé símfónì sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó lè gbà á. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1920, kì í ṣe ṣáájú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni etí fi ń gbàgbé ariwo náà.

Kí ló dé tí ohùn àwo Bach kan fi wà nísàlẹ̀ ju ti òmíràn lọ?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé irú ohun èlò ìgbà ayé Bach ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kẹ́sítírà òde òní sábà máa ń fi ohùn A, èyí tí wọ́n fi ń tún ohun èlò ṣe, sí ìgbọ̀n 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe orin ìgbà náà ti fohùn ṣọ̀kan lórí 415, èyí tí ó fi nǹkan bí ààbọ̀ ohùn rẹlẹ̀. Wọ́n tún ń lo okùn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe dípò ti irin, ohùn rẹ̀ a sì máa fúyẹ́, a máa ní ìkùn díẹ̀. Concentus Musicus tí Nikolaus Harnoncourt dá sílẹ̀ ní Vienna ní 1953 wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí. Bí àwo yín bá jẹ́ irú èyí, ẹ sọ ọ́ nínú ìdáhùn yín, nítorí pé àwọn kan ń wá a lójú méjèèjì, àwọn mìíràn sì ń sá fún un.

Ṣé iṣẹ́ àwọn ọkùnrin Yúróòpù tí ó ti kú nìkan ni a ń sọ níbí?

Rárá. Símfónì àkọ́kọ́ Florence Price, tí Chicago Symphony Orchestra ṣe ní 1933, wà lórí àwo. African Suite tí Fela Sowande kọ fún ohun èlò olókùn àti háàpù náà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Samuel Coleridge-Taylor, ti Tōru Takemitsu àti ti Sofia Gubaidulina. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dárúkọ wọn kí àtòjọ yín lè dára lójú. Ẹ dárúkọ wọn nítorí pé ẹ gbọ́ wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti ṣe fún Brahms.

Èwo ni àgbàsílẹ̀ tí ó dára jù lọ fún iṣẹ́ kan?

Kò sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú ìdánilójú ni mo máa ń fura sí jù. Ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn ni èyí tí ó ní ààlà: èwo ni ó yá jù, èwo ni ó lo ohun èlò àtijọ́, èwo ni a ti lè gbọ́ fèrè onígi ketekete láàárín ariwo fèrè idẹ. Ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀ yóò rí ìdáhùn tí ó ṣeé lò.

Ẹnìkan ń yin àwo tí mo kórìíra. Kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ ibi tí ẹ̀yin àti òun ti gbọ́ ohun kan náà, kí ẹ tó sọ ibi tí ẹ ti yapa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó ń bí yín nínú ni ó ń dùn mọ́ ọn: ìyára tí ẹ kà sí ìkánjú ni òun kà sí agbára. Beethoven fúnra rẹ̀ fi nọ́ḿbà mẹ́tírónómù, ẹ̀rọ tí ń fi ìyára orin hàn, sí àwọn símfónì rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àwọn olùdarí sì ti ń jiyàn títí di òní lórí bóyá wọ́n yá jù. Ìyàn tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní parí láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Bí àwo náà bá sì jẹ́ ohun tí ẹ kò gbọ́ tán, ẹ dákẹ́.

Kí ló dé tí símfónì kan náà fi ní nọ́ḿbà méjì tàbí mẹ́ta?

Dvořák kọ símfónì mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni wọ́n tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀, wọn kò sì tẹ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ wọ́n. Èyí tí a ń pè ní kẹfà báyìí ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, wọ́n sì pè é ní ìkíní. New World, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New York ní 1893, jẹ́ karùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di kẹsàn-án, nítorí náà bí ẹ bá rí àwo àtijọ́ tí ó pè é ní No. 5, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Símfónì ńlá tí Schubert kọ ní C major burú ju èyí lọ: àwọn kan pè é ní keje, àwọn kan ní kẹjọ, ọ̀pọ̀ sì ní kẹsàn-án. Ẹ kọ D. 944, gbogbo rẹ̀ á tán síbẹ̀. Èyí tí kò parí ní B minor ni D. 759.

Símfónì Bruckner ni mo ń gbọ́. Kí ló dé tí wọ́n ń bi mí pé ẹ̀dà wo ni?

Bruckner kò dẹ́kun títún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, nígbà mìíràn nítorí pé ọkàn rẹ̀ yí padà, nígbà mìíràn nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ àti olùdarí tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Símfónì kẹrin rẹ̀ ní ẹ̀dà 1874, èyí tí ó tún ṣe láàárín 1878 àti 1880, àti ti 1888. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré: orin ọdẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú abala kẹta kò sí nínú ẹ̀dà 1874 rárá, orin mìíràn pátápátá ni ó wà níbẹ̀. Nínú símfónì kẹjọ, abala àkọ́kọ́ parí pẹ̀lú ariwo ńlá ní ẹ̀dà 1887, ṣùgbọ́n ní ti 1890 ó rọlẹ̀ títí ó fi parẹ́.

Orúkọ Haas àti Nowak tí ẹ máa rí lẹ́yìn àwo jẹ́ ti Robert Haas àti Leopold Nowak, àwọn onímọ̀ tí ó ṣe àyẹ̀wò ìwé ọwọ́ Bruckner tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Haas mú díẹ̀ nínú ẹ̀dà 1887 símfónì kẹjọ pọ̀ mọ́ ti 1890, ohun tí Nowak kò gbà. Nítorí náà ẹ kọ ọdún ẹ̀dà àti orúkọ olóòtú. Ẹni tí kò mọ̀ nípa Bruckner á rò pé àṣejù ni. Ẹni tí ó mọ̀ á dúpẹ́.

Ṣé mo lè gba ohun tí wọ́n kọ sára àwo tàbí fáìlì gbọ́?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Adagio tí wọ́n ń fi orúkọ Albinoni tà kiri jẹ́ iṣẹ́ Remo Giazotto, tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1958, igba ọdún ó lé lẹ́yìn tí Albinoni kú. Minuet ní G major tí gbogbo ọmọdé tí ń kọ́ píánò máa ń tẹ̀, èyí tí ó wà nínú ìwé tí Bach fún Anna Magdalena ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ti Bach. Christian Petzold ni ó kọ ọ́.

Nígbà mìíràn, orúkọ ẹni tí ó ṣe orin náà ni irọ́. Iléeṣẹ́ kékeré kan gbé síídì tí ó ju 100 lọ jáde lórúkọ Joyce Hatto, obìnrin tí ó ń tẹ píánò ní Ìlú Ọba, àwọn alárìíwísí sì yìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní 2007 ni àṣírí tú, lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà ẹnìkan tí ó ki àwo Liszt rẹ̀ bọ̀ ọ́ dárúkọ László Simon, ẹlòmíràn tí ń tẹ píánò, dípò Hatto. Àwo àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ gbé jáde. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún wa kò ju pé kí a fi gígùn abala kọ̀ọ̀kan wé ti àwo mìíràn bí orúkọ bá ń ṣe wá ní kàyéfì.

Báwo ni mo ṣe máa kọ orúkọ iṣẹ́ tí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò parí?

Ẹ fi orúkọ ẹni tí ó parí rẹ̀ sí i. Mozart kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1791 láìparí Requiem rẹ̀, K. 626, ìbẹ̀rẹ̀ Lacrimosa nìkan ni ó kọ nínú apá yẹn, Franz Xaver Süssmayr sì ni ó kọ ìyókù. Ẹ̀dà Süssmayr ni ọ̀pọ̀ àwo ń lò, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń lo èyí tí Robert Levin ṣe, ẹni tí ó bá sì mọ ti àkọ́kọ́ sórí á gbọ́ Amen kan lẹ́yìn Lacrimosa tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bákan náà ni símfónì kẹwàá Mahler, tí ọ̀pọ̀ olùdarí ń ṣe ní ẹ̀dà Deryck Cooke, tí àwọn mìíràn sì kọ̀ láti ṣe ju abala àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ. Ní ti ópẹ́rà Turandot, Puccini kú ní 1924 kí ó tó kọ òpin rẹ̀. Franco Alfano ni ó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní alẹ́ àkọ́kọ́ ní La Scala ní 1926, Toscanini dá ọ̀kẹ́sítírà dúró níbi tí Puccini dé, kò sì ṣe ìyókù. Luciano Berio tún kọ òpin mìíràn ní 2001. Bí ẹ bá kọ "Turandot, òpin Alfano" tàbí "Turandot, òpin Berio", ẹni tí ó ń kà á ti mọ bí alẹ́ yín ṣe parí.